Ẹ Jẹ́ Kí Ọwọ́ Àwọn Ọmọ Wa Kan Amọ̀ àti Aró: Lẹ́tà Ṣíṣí Láti Alímọ̀ṣọ́

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ Lagos State Universal Basic Education Board (LASUBEB), Maryland, Ìkẹjà;
Sí Akọ̀wé Ẹ̀kọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ Alimosho Local Government Education Authority;
Sí gbogbo ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, láti Ìkòtún dé Àyọ̀bọ́.

Ẹ̀yin àgbà wa,

Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí, Ẹ̀gbẹ́dá ni mo ń gbé, àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo sì máa ń kọ́ nígbà ọlidé àti lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá síwájú yín: iṣẹ́ ọnà wà nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ wa, kò sí lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa.

Cultural and Creative Arts, tí àwọn ọmọ ń pè ní CCA, wà lára ẹ̀kọ́ tí àjọ NERDC là sílẹ̀ nínú ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2008. Yíyà àwòrán, kíkùn, mímọ amọ̀, híhun nǹkan, àdìrẹ ṣíṣe, orin, ijó àti eré orí ìtàgé ló pé jọ sínú rẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣí ìwé ọmọ kan tó wà ní Praimárì 4. Ẹ ó rí i pé ó ti kọ oríṣi àwòrán mẹ́ta sílẹ̀, ó ti to ohun èlò márùn-ún tí a fi ń ṣe àdìrẹ lẹ́sẹẹsẹ, tíṣà ti fi báírò pupa máàkì rẹ̀, ó sì gba gbogbo rẹ̀. Ẹ wá bi ọmọ náà bóyá ó ti rí ìkòkò aró rí. Ẹ bi í bóyá ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ so aṣọ rí. Á kàn máa wò yín ni.

Ti iṣẹ́ ọwọ́ tilẹ̀ tún burú ju ti nóòtì lọ. Bí táàmù bá ti ń parí lọ, ìwé á wá sílé pé kí ọmọ mú ìgbálẹ̀ wá, tàbí ẹní kékeré, tàbí àpò onílẹ̀kẹ̀. Òbí tó ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìyànà Ìpájà láti ìrọ̀lẹ́, tó wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ìgbà wo ló fẹ́ jókòó ti ọmọ kí wọ́n jọ hun ẹní? Ọjà Ìkòtún ló máa gbà lọ. Á ra á, ọmọ á gbé e lọ, tíṣà á gbà á, máàkì á sì wọlé. Ẹni tó hun ẹní yẹn gan-an ni máàkì tọ́ sí. Ẹ bi àwọn tó wọ iléèwé lẹ́yìn tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, wọ́n á sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń hun agbọ̀n, bí wọ́n ṣe ń ṣe abẹ̀bẹ̀, tí ọwọ́ ń bó. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ra tiwọn nígbà yẹn náà. Àmọ́ nísinsìnyí, rírà ló ti di àṣà, ṣíṣe ló ti di nǹkan tó ṣọ̀wọ́n, a sì ń kọ́ ọmọ pé owó la fi ń ṣiṣẹ́ ọwọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Kí máàkì iṣẹ́ ọnà máa wá láti inú ohun tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú kíláàsì, lójú olùkọ́ rẹ̀, kí ohun tí a bá rà lọ́jà má sì ní máàkì kankan. Kí ẹ so píríọ́ọ̀dù méjì pọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ kékeré ní iṣẹ́ yìí mọ ìdí rẹ̀: kí ẹ tó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, kí ẹ tó pín omi, kí ẹ tó po àwọ̀, ogún ìṣẹ́jú ti lọ. Kí àwọn ọmọ sì tó fọ ọwọ́, kí wọ́n tó sá iṣẹ́ wọn sóòrùn, ogún mìíràn ti lọ. Píríọ́ọ̀dù kan ṣoṣo kò gbà ju nóòtì lọ, ìdí nìyẹn tí nóòtì fi jọba.

Ẹ̀bẹ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní Èkó. Àìná Onábólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, ló kọ́kọ́ bẹ irú rẹ̀. Kò sí olùkọ́ tó kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwòrán inú ìwé òyìnbó ló ń wò tó ń yà, títí ó fi dẹni tí àwọn gbajúmọ̀ Èkó ń wá pé kó ya àwọn. Àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage tó yà ní 1906 ṣì wà lára èyí tí àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí dòní olónìí. Ní 1920 ó lọ kọ́ṣẹ́ ní London, ó sì dé Paris. Nígbà tó padà, ó ń ti iléèwé kan bọ́ sí èkejì, King's College, CMS Grammar School àti àwọn mìíràn, ó ń kọ́ wọn. Òun nìkan kò lè dá a ṣe, ó wá ń yọ ìjọba amúnisìn lẹ́nu pé kí wọ́n mú olùkọ́ mìíràn wá. Akọ̀wé ọ́fíìsì ni ìjọba ń wá nígbà náà, wọn kò wá ayàwòrán. Onábólú kò dákẹ́. Ní 1927, wọ́n mú Kenneth Murray wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Èrò àwọn méjèèjì kò bára mu. Onábólú fẹ́ kí ọmọ mọ bí a ṣe ń ya ènìyàn kó jọ ènìyàn, kó mọ bí ojú ọ̀nà ṣe ń tín-ín-rín bó bá ṣe ń jìnnà sí wa. Murray ní tirẹ̀ ní kí ọmọ wo ìkòkò, aṣọ àti ère ìlú rẹ̀, kó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èmi gba ti àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ní kí ọmọ jókòó máa kọ nóòtì nínú àwọn méjèèjì. Ní 1937, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ tí Murray kọ́, tí Ben Enwonwu wà lára wọn, ti dé Zwemmer Gallery ní London. Ọdún mẹ́wàá péré ni.

Iléèwé girama ni púpọ̀ nínú ìyẹn ti ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ tiwa sì kéré sí wọn. Nítorí pé wọ́n kéré gan-an ni mo fi ń pariwo. Ọmọ ọdún mẹ́fà, bí ẹ bá fún un ní èédú àti páálí, kò ní béèrè bóyá òun mọ̀ ọ́n yà. Á yà. Tó bá fi máa dé Praimárì 5 láìjẹ́ pé ẹnì kan gbé àwọ̀ síwájú rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó máa sọ ni pé, "Àǹtí, mi ò mọ̀ ọ́n yà." Ẹ̀rù ti wọ̀ ọ́. Mo ń gbọ́ gbólóhùn yẹn ní gbogbo ọlidé, ó sì máa ń dùn mí nínú egungun.

Lọ́lidé kan, mo ní kí àwọn ọmọ ya ilé. Gbogbo wọn ya ilé kan náà: òrùlé onígun mẹ́ta, fèrèsé méjì, ilẹ̀kùn láàárín, òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, òòrùn ní kọ̀rọ̀ ìwé. Mo béèrè ẹni tó ń gbé inú ilé náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo wá ní kí kálukú lọ jókòó síwájú ilé tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kó wo ohun tó wà níbẹ̀ dáadáa, kó wá yà á lọ́jọ́ kejì. Ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ya tánkì dúdú lórí irin, ó ya bẹ́ńṣì tí ìyá rẹ̀ ń pàtẹ ata lé, ó ya okùn aṣọ tí ṣòkòtò mẹ́ta ń fì lórí rẹ̀, ó sì ya jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n fi ṣéènì dè mọ́ irin fèrèsé. Ó ya ṣéènì yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi ìdí ọ̀kan wọ ojú èkejì, ó pẹ́ lórí rẹ̀ ju gbogbo ilé lọ. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní wọ́n ti jí ti tẹ́lẹ̀ gbé ni. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn alẹ́ ọjọ́ náà fún wọn, ó ń fi ìka tọ́ka sí ibi tí olè gbà wọlé nínú àwòrán tó yà. Nóòtì wo ló lè mú ìyẹn jáde lẹ́nu ọmọ?

Mo mọ̀ pé owó lẹ máa kọ́kọ́ bi mí. Owó tí iṣẹ́ yìí ń gbà kò tó ohun tí ẹ rò. Ẹ̀bá ẹ̀rọ gbogbo télọ̀ ní Ìkòtún ni àjákù áńkárá àti léèsì kún sí, gbígbá ni wọ́n ń gbá a dànù. Páálí Indomie wà níwájú gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ìdérí mínírà, ọ̀rá pure water, ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà, èédú tó kù lẹ́yìn tí wọ́n sun àgbàdo tán, èérún pákó lọ́dọ̀ àwọn káfíńtà, gbogbo rẹ̀ wà ní Alímọ̀ṣọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó tí kò tó nǹkan. Ẹfun àti osùn wà lórí àtẹ àwọn lẹ́kulẹ́ja. Ẹ lọ osùn kúnná, ẹ fi omi gbígbóná ro láfún kó dì díẹ̀, ẹ pò wọ́n pọ̀, ẹ fi òkúta lu orí igi orín kó fọ́nká bíi búrọ́ọ̀ṣì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Pupa tó máa jáde lórí páálí yẹn, kò sí kíréyọ̀nù tó lè mú un wá. El Anatsui, ọmọ Gánà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní yunifásítì Nsukka ní 1975, ìdérí ìgò ọtí ló fi wáyà bàbà so mọ́ra wọn títí tí wọ́n fi di aṣọ ńláńlá, irú èyí tí wọ́n gbé kọ́ sí Tate Modern ní London ní 2023. Mi ò ní kí ọmọ lọ ṣa nǹkan ní ààtàn Solous o. Láti ilé àti ṣọ́ọ̀bù ni kó ti wá, kí wọ́n sì fọ̀ ọ́ mọ́ kó tó wọ kíláàsì. Ohun tí ìgbìmọ̀ máa rà ni bébà, àlòkù aṣọ funfun, síṣọ́ọ̀sì tí kò lẹ́nu ṣóńṣó, ike omi àti ọṣẹ.

Àdìrẹ ni ìwé CCA fẹ́ràn jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ọmọ Praimárì 3 lè fi òwú so òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ẹ̀wà sínú aṣọ, kó dì í pinpin. Ìka ọwọ́ tó bá ṣe ìyẹn fún ìgbà díẹ̀ á mú báírò dáadáa. Bí a bá wá ki aṣọ bọ inú aró èlú, tí a yọ ọ́, kì í jáde ní dúdú. Ó máa ń jáde ní àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀, lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, tí á sì máa di búlúù lójú yín. Ariwo tí àwọn ọmọ máa ń pa lákòókò yẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè jókòó lé ibẹ̀ kó kọ́ wọn ní ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe sí nǹkan, wọn kò ní gbàgbé láéláé. Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ níbí. Aró òde òní tí wọ́n ń tà lọ́jà, kọ́sítíìkì sódà àti háídírósọ́fáìtì ni wọ́n fi ń pò ó, kọ́sítíìkì sì ń jó awọ ara, ó lè fọ́ ojú. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan súnmọ́ ọn. Kí àgbàlagbà tó wọ ìbọ̀wọ́ pò ó síta gbangba, kí òun fúnra rẹ̀ ki aṣọ bọ̀ ọ́, kó fi omi púpọ̀ ṣàn án. Ti ọmọ ni kó so ó, kó sì tú u nígbà tó bá gbẹ. Títú yẹn ló dùn jù.

Àwọn òbí kan wà, àwọn olùkọ́ pàápàá wà, tí wọ́n ń sá fún amọ̀ àti igi gbígbẹ́ torí wọ́n ní òrìṣà ni. Ní àdúgbò tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pọ̀ bí tiwa, a kò lè fojú di ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Fádà Kevin Carroll, àlùfáà Kátólíìkì, ló kó àwọn agbẹ́gilére jọ sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947. Lámídì Fákẹ́yẹ, Mùsùlùmí, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun náà ló sì gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tó wà ní yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀sìn Mùsùlùmí kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì kò kọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí òbí kan bá ṣì ń kọminú, kí ọmọ rẹ̀ mọ àwo, kó mọ ìkòkò, kó mọ mọ́tò. Amọ̀ gba ohun gbogbo.

Àwọn ọ̀gá iléèwé á ní kíláàsì á dọ̀tí. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é lábẹ́ igi tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bàbá wọn sórí yunifọ́ọ̀mù, kí gbígbálẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ sì jẹ́ ara ẹ̀kọ́.

Mi ò dá àwọn olùkọ́ lẹ́bi. Olùkọ́ kan ṣoṣo ló ń kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ ní kíláàsì tó kún fọ́fọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sẹ́ni tó kọ́ àwọn náà ní iṣẹ́ ọnà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Báwo ni wọ́n á ṣe fúnni ní ohun tí wọn kò rí gbà? Ìjọba yín ti fi tábúlẹ́ẹ̀tì lé wọn lọ́wọ́ lábẹ́ ètò EKOEXCEL láti 2019. Ẹ bá wa fi àwòrán sínú rẹ̀: ojú àwọn ère idẹ Ifẹ̀, ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n gbé lọ pàtẹ ní Wembley ní 1924, tó sì wà ní British Museum títí dòní, àwòrán tí Onábólú yà. Kí ọmọ Ìdímù rí i kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀kọ́ yìí, ẹ má to gbogbo ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ máa sọ sílẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní láti máa rìn káàkiri, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, kó bi í léèrè ohun tó ń ṣe. A kò lè mọ ohun tí ọmọ máa dáhùn ṣáájú.

Ẹ sì jẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò wọlé. Àwọn tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ pátákó wà ní Ẹ̀gbẹ́dá àti Àkówọnjọ, tí bánà flex ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ wọn ṣì dá ṣáká. Wọ́n lè fa ìlà tó tọ́ láìlo rúlà. Àwọn obìnrin tó mọ àdìrẹ wà, àwọn tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe bàtà àti fìlà wà. Kí ìgbìmọ̀ san owó díẹ̀ fún wọn kí wọ́n wá lẹ́ẹ̀mejì ní táàmù, kí olùkọ́ kíláàsì jókòó tì wọ́n kó kọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. Lagos State University of Education tó wà ní Ìjaníkin kò jìnnà sí wa. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà wọn tó bá ń lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ máa wá sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Alímọ̀ṣọ́, dípò kí gbogbo wọn máa rọ́ lọ sí iléèwé girama.

Ẹni tó bá rò pé ìgbà kúkúrú kò lè ṣe nǹkan fún ènìyàn, kó wo Òṣogbo. Láàárín 1962 sí 1964, wọ́n ṣí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ díẹ̀ níbi ẹgbẹ́ iṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀, tí Ulli Beier àti Dúró Ládiípọ̀ dá sílẹ̀. Àwọn tó wọlé kò lọ iléèwé iṣẹ́ ọnà kankan. Jímọ̀ Buraimoh ń bójú tó iná nínú ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀. Táíwò Ọláníyì, tí ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven, oníjó ni. Wọ́n fún wọn ní àwọ̀, wọ́n fún wọn ní ààyè, wọn kò ní kí wọ́n dà á kọ láti ojú pátákó. Ní 2005, UNESCO fi Twins Seven-Seven jẹ Artist for Peace. Mi ò ní gbogbo ọmọ Ìgàndó ló máa di Twins Seven-Seven. Mo kàn mọ̀ pé ẹni tí kò fọwọ́ kan àwọ̀ kò lè mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Gẹ́gẹ́ bí ètò ìkànìyàn 2006 ṣe fi hàn, Alímọ̀ṣọ́ lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn. Ìjọba ìpínlẹ̀ tilẹ̀ ní a lé ní mílíọ̀nù méjì. Mo mọ̀ pé ẹ kò lè bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iléèwé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú iléèwé kan péré ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ àti ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọn ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ (LCDA) márùn-ún tó jáde lára rẹ̀: Agbado/Òkè-Odò, Àyọ̀bọ́-Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù, Ìkòtún-Ìgàndó àti Mọ́sàn-Ọ̀kúnọlá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní táàmù àkọ́kọ́ tó ń bọ̀. Nígbà tí táàmù bá parí, ẹ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí a gbé iṣẹ́ àwọn ọmọ kọ́ sára ògiri, kí orúkọ ọmọ àti kíláàsì rẹ̀ wà lábẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn òbí wá wò ó, kí ẹ̀yin náà wá. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó mọ iṣẹ́ yìí ti ṣe tán láti wá kọ́ àwọn olùkọ́ iléèwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nígbà ọlidé, a kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Ẹ kàn fún wa ní iyàrá kan tó ní omi, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí a máa bẹ̀rẹ̀.

Mò ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní Ẹ̀gbẹ́dá